Sàlẹ́ńsà Tó Ń Bú, Ṣé Mọ́tò Á Sáré Sí I? Ìbéèrè Yín Lórí Ẹsọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ojú lọ́nà o. Lẹ́tà ẹsọ́ọ̀sì pọ̀ lóṣù yìí ju ti táyà àti ti bátìrì lọ, àwọn ọ̀dọ́ ń wá bí mọ́tò wọn ṣe máa bú ramúramù, àwọn àgbà àdúgbò ń wá ẹni tó máa bá wọn pa á lẹ́nu mọ́. Mo ṣa díẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí mi ò bá dá lóhùn kó má bínú, ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn tiẹ̀ wà nínú ti ẹlòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúuṣẹ́ o. Honda Accord ni mò ń lò, End of Discussion 2004, ẹ́ńjìnnì 2.4 onísílíńdà mẹ́rin. Wẹ́dà kan ní Ìwó Road ní kí n jẹ́ kóun yọ kátálísì àti sàlẹ́ńsà méjèèjì dànù, kóun fi páìpù íńṣì mẹ́ta gbọọrọ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn, pé mọ́tò á bú dáadáa, á sì máa fò. Ó lóun ò ní gba owó iṣẹ́ rárá, kí n ṣáà fi kátálísì yẹn sílẹ̀ fóun. Ṣé kí n ṣe é? — Ọmọ Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ká tó dé ọ̀rọ̀ páìpù rárá, padà lọ ka gbólóhùn tó o fi parí lẹ́tà ẹ. Wẹ́dà wo lo mọ̀ tó máa jó gáàsì, táá ra páìpù tuntun, táá wá fi gbogbo ọ̀sán ẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹ? Kátálísì yẹn, àpótí irin inú ẹsọ́ọ̀sì tó ń dín oró inú èéfín kù, òun lowó iṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kó ju owó iṣẹ́ lọ dáadáa. Inú ẹ̀ lu jára wínníwínní bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium bo ara ẹ̀, bín-ín-tín báyìí ni o, ṣùgbọ́n bín-ín-tín yẹn tó nǹkan, torí ní 2021 owó rhodium ju ìlọ́po mẹ́wàá owó góòlù lọ lọ́jà àgbáyé. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń ra káńdẹ́ẹ̀mù fi ń béèrè ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan dé òmíì, òun náà ló fà á tó jẹ́ pé tokunbọ̀ míì, tẹ́ ẹ bá jáàkì ẹ̀ sókè, páìpù lásán lẹ máa bá níbi tó yẹ kí kátálísì wà.

Ó dáa, ká tiẹ̀ sọ pé wẹ́dà ò ní nǹkan kan lọ́kàn, ṣé mọ́tò á wá fò? Kò ní fò. 160 hóòsì páwà ni Honda kọ sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì yẹn ní 2004, ìyẹn ìgbà tó ṣì wà ní tuntun o. Èyí tó o máa rí látinú páìpù ẹ̀yìn nìkan lórí ẹ́ńjìnnì tí ò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì) ò tó nǹkan, ó lè má ju hóòsì páwà mélòó kan lọ, òkè lọ́hùn-ún nígbà tó o bá fẹ́ já ẹ́ńjìnnì sí méjì nìyẹn náà sì máa wà, níbi tó jẹ́ pé o ò lè dé lójú ọ̀nà Dúgbẹ̀ láéláé.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Sílíńdà kan bá jó epo tán, fáàfù á ṣí, èéfín gbígbóná á rọ́ jáde, kì í ṣàn wọ́ọ́rọ́, ìdì-ìdì ló ń jáde, pọ́, pọ́, pọ́. Ìdì kọ̀ọ̀kan tó bá ń sáré lọ nínú páìpù máa ń fa afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ara ẹ̀ tẹ̀ lé e, fífà yẹn ló ń bá sílíńdà tó kàn kó èéfín tiẹ̀ jáde, kí àyè lè gba afẹ́fẹ́ tuntun. Ohun tó ń mú èyí ṣeé ṣe ni pé kí èéfín máa sáré. Ó wá gbé páìpù íńṣì mẹ́ta sí i, àyè inú páìpù íńṣì mẹ́ta ju ìlọ́po méjì ti íńṣì méjì lọ, èéfín tó yẹ kó máa sáré á wá máa rìn gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́, á tutù lójú ọ̀nà, á wúwo, fífà yẹn á dín kù. Níbo lo ti máa mọ̀ ọ́n? Nísàlẹ̀ ni, nígbà tó o bá ń gun òkè Mápó pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú mọ́tò, tàbí tó o bá fẹ́ já kúrò lójú tráfíìkì Challenge kí dánfó tó gbá ẹ lẹ́yìn. Ariwo á wà, mọ́tò ò ní kúrò lójú kan.

Àwọn mẹkáníìkì kan á wá sọ fún ẹ pé ẹ́ńjìnnì nílò bákpẹ́ṣọ̀, pé nǹkan gbọ́dọ̀ wà tó ń ti èéfín padà sẹ́yìn díẹ̀. Èmi ò gba ìyẹn náà. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ bo òun lẹ́nu. Wọ́n ti rí i pé páìpù ńlá máa ń pa agbára ìsàlẹ̀, ìyẹn jóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi ìdí ẹ̀ mú, eré èéfín ló lọ.

Ìbéèrè tó kù ni pé kí ló dé tí gbogbo ọ̀rẹ́ ẹ tó ti ṣe é fi ń búra pé mọ́tò àwọn ti yára. Etí wọn ló yára! Ariwo máa ń tan ọpọlọ jẹ, tó o bá tẹ tọ́rótù tó dún gààà wàá rò pé o ti ń fò. Tó bá dá wọn lójú, kí wọ́n wá títì tó dá, kí wọ́n fi fóònù wọn àkókò tó gbà láti orí òdo dé 80, kí wọ́n ṣe é kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án àti lẹ́yìn tó bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n wá gbé nọ́ńbà wá.

Èyí tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi: kátálísì á wà níbẹ̀. Màá kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun gan-an kọ́ ló ti dí, torí kátálísì tó dí lè jẹ́ kí Accord máa ṣe bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ tó o bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á tú sẹ́ńsọ̀ iwájú, èyí tó wà lórí páìpù ṣáájú kátálísì, wọ́n á fi géèjì tó ń wọn bí èéfín ṣe ń tì tó sí ojú ihò ẹ̀, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì dé bíi yíyí 2,500 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí géèjì bá ti ń sún kọjá 3 psi, nǹkan ti dí níwájú nìyẹn, ẹ wá a. Tí kò bá dí, fi páìpù íńṣì méjì àti ìlàrin láti ẹ̀yìn kátálísì lọ, ó tó ẹ́ńjìnnì 2.4 dáadáa, kó o sì wo ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: bí ojú ibi tó yí bá ti rún tó sì há, àsán ni gbogbo owó tó o ná lórí fífẹ̀ ẹ̀, torí ibi tó há jù ni èéfín máa fi ṣòdiwọ̀n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè sà. Camry Muscle 2008, 2.4, ni tèmi. Èmi ti yọ kátálísì ní tèmi látijọ́, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì wá tàn, kò kú mọ́, wọ́n fi sìkáánà wò ó, P0420 ló gbé jáde. Rìwáyà kan ní kóun fi téèpù dúdú bo iná náà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kí ọkàn mi balẹ̀. Mọ́tò tún ti ń jẹ epo gan-an. Kí ni ṣíṣe? — Olùkọ́ tó ń fi mọ́tò lọ síṣẹ́, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Hàà, téèpù dúdú kẹ̀! Rìwáyà yẹn náà mọ bí wọ́n ṣe ń wo ibà, wọ́n á fọ́ tẹmómítà mọ́lẹ̀.

Ọ̀gá, sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà lórí páìpù yẹn. Ti iwájú wà ṣáájú kátálísì, òun ni brain box (kọ̀ǹpútà mọ́tò) ń tẹ́tí sí jù tó bá fẹ́ mọ iye epo tó máa fún ẹ́ńjìnnì. Ti ẹ̀yìn, amí ni, iṣẹ́ ẹ̀ kò ju pé kó máa ṣọ́ kátálísì bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí kátálísì ò sí níbẹ̀ mọ́, ohun kan náà ni sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ń rí, brain box á ní ó tán, kátálísì ti kú, òun ni P0420 yẹn. Torí náà iná yẹn ò purọ́ mọ́ yín. Àléébù téèpù náà sì ni pé iná kan ṣoṣo yẹn ló ń kìlọ̀ fún plug tó ń mísì, fún coil, fún gbogbo wàhálà míì, ẹ wá bo ojú ẹ̀ torí ẹyọ kan, lọ́jọ́ tí èyí tó burú bá dé ẹ ò ní mọ̀.

Ti epo tó ń jẹ, mi ò rò pé sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ló fà á. Ibi tí wẹ́dà ti gé ni kí ẹ lọ wò, pàápàá tó bá wà nítòsí sẹ́ńsọ̀ iwájú. Bí ojú ìjó ò bá dí dáadáa, páìpù á máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé láàárín ìdì èéfín kan sí èkejì, sẹ́ńsọ̀ á rí afẹ́fẹ́ yẹn, á ní epo kéré, brain box tí ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í da epo kún un. Ẹ́ńjìnnì ò nílò epo yẹn, ẹ̀yin lẹ ń sanwó ẹ̀ ní ilé epo. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó níbi mánífóòdù, ibi tí páìpù ti so mọ́ ẹ́ńjìnnì, náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí mo tún fẹ́ fà yín létí sí: ẹ́ńjìnnì 2.4 tí wọ́n fi sínú Camry 2007 sí 2009 máa ń jẹ ọ́ìlì, Toyota fúnra wọn mọ̀, wọ́n tiẹ̀ ṣètò àtúnṣe fáwọn oníbàárà wọn ní Amẹ́ríkà nígbà kan torí ẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jó yẹn ló máa ń bo inú kátálísì títí táá fi dí. Nítorí náà kí ẹ tó lọ ra òmíì, ẹ fa dípsítíìkì yín wò láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí mọ́tò, kí ẹ tún fà á wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ọ́ìlì bá ń lọ sílẹ̀ tí kò sì sí èyí tó ń kán sílẹ̀, ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe ná, kátálísì tuntun tẹ́ ẹ bá gbé sí i báyìí, oúnjẹ ọ́ìlì ni. Tẹ́ ẹ bá wá ń ra tokunbọ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì, iná gbọ́dọ̀ yọ lójú àwọn ihò yẹn. Ẹ mì í, tó bá ń ró kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú ẹ̀ ti fọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, èmi ò mọ mọ́tò o, ṣùgbọ́n àkọ́bí mi lọ ṣe nǹkan sí Corolla tá a fi ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó ní òun fẹ́ kó dún bíi ti àwọn ọlọ́lá. Láti ìgbà náà tá a bá ti tan éèsì tá a sì há sínú gósílóò, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, èyí àbúrò á ní inú ń rìn òun, ó bì lẹ́ẹ̀kan. Tá a bá sọ̀ kalẹ̀ á lọ. Ṣé éèsì ló fẹ́ fọ̀ ni? — Ìyá àwọn ọmọ, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbé ọmọ kankan sínú mọ́tò yẹn mọ́ títí tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, mò ń bẹ̀ yín ni. Kì í ṣe éèsì. Èéfín ẹsọ́ọ̀sì ló ń wọlé bá yín. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, pé orí ń fọ́, inú ń rìn, tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ á lọ, bí carbon monoxide ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó máa ń pa odindi ìdílé mọ́jú tí wọ́n bá gbé e sí bàkónì. Kò láwọ̀, kò ní òórùn. Tẹ́ ẹ bá ń gbóòórùn èéfín nínú mọ́tò, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ò bá gbóòórùn kankan, kò ní kó má wà níbẹ̀. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju oxygen lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí díẹ̀ ẹ̀ fi ń ṣe èèyàn léṣe, tọmọdé sì máa ń tètè hàn. Tí oorun tí ò yẹ bá ń kun ẹnikẹ́ni nínú yín, tàbí tó dà bíi pé kò mọ ibi tó wà, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé èéfín mọ́tò ni, kí wọ́n má lọ máa wo ibà.

Fún bọ̀dá tó ṣe é: tí wọ́n bá yọ kátálísì, èyí tó ń sọ gáàsì burúkú yẹn di èyí tó rọra burú ti lọ, torí náà gbogbo ibi tó bá ti ń jò báyìí, ògidì ló ń jò jáde. Kó gbé mọ́tò sórí sítáǹdì tó dúró dáadáa, kì í ṣe jáàkì nìkan o, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹnì kan ṣí i, kí ẹnì kejì fi àkísà tó nípọn di ẹnu páìpù ẹ̀yìn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ibi tó bá ti ń jò á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ṣìì tàbí tẹ́tẹ́tẹ́. Kó tún wo gbogbo ojú ìjó, èérú dúdú tó rọra fọ́n ká síbẹ̀ ni àmì ẹ̀, kó da omi ọṣẹ sí i kó wò ó bó ṣe ń hó. Kó wá wo ibi tí páìpù parí sí, torí ohun tí mo máa ń rí jù nìyí: wọ́n á gé páìpù kúrú sí abẹ́ búùtù kó má bàa yọ síta, tí mọ́tò bá dúró lójú kan èéfín á wọ́ jọ síbẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà búùtù tó ti gbó wọlé, éèsì á wá máa yí i ká lórí yín. Páìpù gbọ́dọ̀ jáde kọjá bọ́ńpà. Rọ́bà búùtù náà, kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má nà án o, ẹ ṣáà jẹ́ kó sanwó ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá mi, ṣé Corolla 2005 mi, 1.8, lè dún bíi Mustang? Mi ò bìkítà fún eré, ohùn ni mo fẹ́. — Ọmọ Ṣùúrùlérè, Èkó

ÌDÁHÙN: Mo fẹ́ràn ìwọ yìí, o sòótọ́. Èèyàn tó mọ̀ pé ohùn lòun ń rà máa ń náwó tó mọ níwọ̀n.

Kò lè dún bíi Mustang V8. Sílíńdà mẹ́rin tìẹ ń jó tẹ̀ lé ara wọn ní àlàfo tó dọ́gba, pọ́-pọ́-pọ́-pọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jáde. V8 ti Amẹ́ríkà, mẹ́rin lápá ọ̀tún mẹ́rin lápá òsì, ẹ́ńjìnnì lápapọ̀ ń jó dọ́gba ṣùgbọ́n tó o bá gbé etí sí apá kan, méjì á sún mọ́ra, ìkẹta á pẹ́ kó tó dé, ìjìn-jìn-gbùdù tí ẹ̀yin ń fẹ́ràn yẹn, látinú ṣíṣe ségesège yẹn ló ti wá. Kò síbi tí wẹ́dà lè gé tí sílíńdà mẹ́rin míì máa jáde. Tó o bá yọ gbogbo sàlẹ́ńsà Corolla, ohùn ọ̀kadà tó sanra lo máa gbọ́.

Ohun tó o lè rí ni ohùn tó jinlẹ̀ díẹ̀, tó mọ́. Sàlẹ́ńsà oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ní yàrá-yàrá nínú, ìró á wọ yàrá kan, á kọlu ògiri, á padà wá pàdé ara ẹ̀, wọ́n á pa ara wọn, òun ló wà lábẹ́ Corolla ẹ láti ilé iṣẹ́. Èkejì, páìpù tó lu jára ló gba àárín ẹ̀ kọjá gbọọrọ, wọ́n wá fi òwú fáíbà tàbí ti irin yí i ká, ìró á gba ojú ihò wọnú òwú lọ kú síbẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní free flow. Èyí tó ní òwú máa ń bú dáadáa, ṣùgbọ́n òwú yẹn máa ń jó tán tó bá yá, ariwo á máa ga sí i lọ́dọọdún, kó má yà ẹ́ lẹ́nu.

Èyí ẹ̀yìn nìkan ni kó o pààrọ̀. Èyí kékeré tó wà láàárín yẹn, resonator, má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, kódà kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ìdí? Gbé Corolla yẹn sórí Èkó sí Ìbàdàn, kó o dúró lórí nǹkan bíi yíyí 2,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin ń jó lẹ́ẹ̀mẹ́jì lórí yíyí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lẹ́ẹ̀ọgọ́rin láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn yẹn bá àyè inú mọ́tò mu wẹ́kú, á wá máa kùn hùùù ní àyà rẹ, o ò ní gbọ́ rédíò, ìyàwó ẹ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ á ní kó o já òun sí Ṣàgámù. Láàárín ìlú o ò ní gbọ́ ọ rárá, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dán an wò ní Ṣùúrùlérè á fi sanwó tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Tó o bá dé Ládìpọ̀ lọ wá tokunbọ̀, gbé e mì, ohun tó bá ń ró nínú ẹ̀ ti já. Fi ọmọ ìka kàn án lábẹ́, torí inú ló ti máa ń dípẹtà bọ̀ síta. Sítéńlẹ́ẹ̀sì pẹ́ ju irin lásán lọ fíìfíì, àmọ́ kí wẹ́dà lo rọ́ọ̀dù sítéńlẹ́ẹ̀sì jó o, tó bá fi rọ́ọ̀dù lásán ṣe é, ojú ìjó yẹn náà ló máa kọ́kọ́ jẹrà. Kí wọ́n fi rọ́bà so ó rọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má jó o mọ́ bọ́dì, torí ẹ́ńjìnnì máa ń mì, páìpù tí ò lè bá a mì á sán. Kó jìnnà sí páìpù epo àti táńkì. Èyí tó ṣe pàtàkì jù, táwọn wẹ́dà ò sì bìkítà fún: kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ ìjórin, tú orí bátìrì sílẹ̀ fúnra ẹ, òdì ẹ̀. Iná ìjórin lè gba ara mọ́tò lọ bá brain box, owó brain box á wá jẹ́ kó o gbàgbé pé ohùn lo wá rà.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ń ṣí mọ́tò ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí à ń kírun àsùbáà lọ́wọ́, á bú, á tún wá yìnbọn gbà-gbà-gbà tó bá jáwọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ a dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, a rò pé olè ni. Kí lòfin wí? — Alhaji kan, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Alhaji, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ìbọn yẹn, epo tí ò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì ni, ó lọ jó nínú páìpù. Àwọn kan máa ń sanwó kí wọ́n lè tún brain box ṣe kó máa ṣe bẹ́ẹ̀, tó bá sì ń ṣe é fúnra ẹ̀ á jẹ́ pé nǹkan ti bàjẹ́. Òfin wà: láti 2009 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà lórí ariwo, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, ló wà nídìí ẹ̀, ní Èkó tiwa yìí LASEPA, àjọ àyíká ti ìpínlẹ̀, ló ń gbọ́ ẹjọ́ ariwo. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rán ẹnì kan sí bàbá ẹ̀ ná, kó máa ti mọ́tò dé títì kó tó ṣí i láàárọ̀, ìyẹn á yá ju lẹ́tà lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, láti Manchester ni mo ti ń kọ̀wé o. Golf GTI Mk7 ni mo ní. Ẹ ti sọ pé ẹ́ńjìnnì tí ò ní tọ́bò kì í jèrè púpọ̀, tèmi ní tọ́bò. Wọ́n fẹ́ fi downpipe (páìpù tó tẹ̀ lé tọ́bò) tí ò ní kátálísì sí i fún mi. Ṣé kí n gbà? — Ọmọ Ìjẹ̀bú lókè òkun

ÌDÁHÙN: Ìjẹ̀bú ò ní fi owó ṣòfò, ìdí nìyẹn tó o fi béèrè. Òótọ́ ni, tọ́bò yàtọ̀. Èéfín ló ń yí tọ́bò, bí ọ̀nà ẹ̀yìn tọ́bò bá ṣe là tó ni yóò ṣe tètè yí tó, àti pé ìgbà tí wọ́n bá tún brain box ṣe pẹ̀lú ẹ̀, agbára gidi á wọlé, kì í ṣe ti etí. 220 hóòsì páwà ni Volkswagen fún GTI Mk7 lásán, ẹ̀ka tó lágbára jù díẹ̀ ní 230, àyè ṣì wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn.

Àmọ́ kátálísì, lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ yẹn, kò sí eré. Mọ́tò tó bá ní kátálísì láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ò bá rí i mọ́, MOT (àyẹ̀wò mọ́tò tí òfin ní kí wọ́n máa ṣe lọ́dọọdún níbẹ̀) máa já a. Àwọn kan á ní kó o gbé e padà sí i lọ́jọ́ MOT kó o tú u lẹ́yìn náà, ìyẹn ò sọ ọ́ di mọ́tò tó bófin mu lójú títì, ọlọ́pàá sì lè dá ẹ dúró lórí ariwo nìkan. Downpipe tó ní kátálísì sports wà, ó wọ́n jù, lọ ra ìyẹn, kó o béèrè bóyá ó lè kọjá ìdánwò èéfín MOT kó o tó sanwó. Kó o sì pe ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kan mọ́tò, sọ gbogbo ohun tó o fẹ́ ṣe fún wọn, torí tí o bá dákẹ́ tí jàǹbá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti san kọ́bọ̀. Fún ọ̀rẹ́ ẹ tó bá ra èyí tó jáde lẹ́yìn 2018: púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù láti ìgbà náà ní fílítà kan sí i nínú ẹsọ́ọ̀sì, lọ́tọ̀ sí kátálísì, kí òun náà má jẹ́ kí wọ́n gé e.

ÌBÉÈRÈ: Omi ń kán lẹ́nu ẹsọ́ọ̀sì mi láàárọ̀, èéfín funfun sì ń jáde. Mẹkáníìkì ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀, ti jó. Òótọ́ ni? — Onítakísí, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì sanwó o. Líta epo kan tó bá jó máa ń mú omi tó tó bíi líta kan jáde, ìgbà tí páìpù bá gbóná ẹ ò ní rí i, láàárọ̀ ọyẹ́ ló máa ń dì tó ń kán. Tí èéfín funfun náà bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tí omi rédíétọ̀ ò sì dín kù, kò sí nǹkan kan tó ṣe mọ́tò yín. Tó bá ń jáde títí tó sì ń dùn gbẹ́rẹ́ bíi ṣúgà nímú, tí omi ń lọ, nígbà yẹn ẹ jẹ́ kó tú u. Èéfín tó bá dà bí aró, ọ́ìlì ló ń jó; dúdú, epo ti pọ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá sì rí ihò kékeré kan lábẹ́ sàlẹ́ńsà tí omi ń gba ibẹ̀ kán, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lù ú láti ilé iṣẹ́ kí omi má bàa dúró sínú ẹ̀ kó jẹ ẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó o pa.